Ọkùnrin Tó Wá Tú Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Mi

Èmi ni mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ àtíbàbà onípáànù lẹ́yìn ilé wa. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọkọ mi ló rà á fún mi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń ká mi lára. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà dúró sí, òun náà ló po sìmẹ́ńtì tó fi dè é mọ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ, orí mi yìí ni mo fi ru gààrí lọ sí Ìgòlò títí tí mo fi rí i kó jọ.

Ìfọ̀nyìn ni à ń gbé, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá gun alùpùpù láti ilé wa, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Ìgòlò, níbi tí ẹnubodè wa ti kọjú sí Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà. Ọ̀hún ni àwọn oníbàárà gààrí wa ti ń wá. Gààrí tiwọn gbọ́dọ̀ kan. A máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí a ti rin jókòó nínú àpò lábẹ́ òkúta títí tí omi rẹ̀ á fi ro tán, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá, kí a tó jọ̀ ọ́, kí a sì yan án. Àwọn ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, máa ń yínmú sí i pé ó ti kan jù. A kì í dá wọn lóhùn. Gààrí Ìfọ̀nyìn kan, ó ń wú, ó sì ń dùn, mi ò sì tíì rí ẹni tí yóò sọ èyí tó yàtọ̀ sí i lójú mi kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa tí a ń gbé létí ẹnubodè ní ìwà kan tí ẹni tó ń gbé nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún kò lè ní. Fáráńkì ni owó wa. Òun la fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, òun la fi ń ra oògùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí ọjà títà, náírà ni ọkàn wa ń rò. Bí o bá jí mi lójú oorun pé èló ni àpò gààrí kan, náírà ni màá fi dá ọ lóhùn kí ojú mi tó là. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun tó lè kó wa sí wàhálà.

Nígbà tí rédíò sọ pé ìjọba tuntun ní Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ tí wọ́n máa ń fi sórí epo bẹntiróò, ìdí agbada gààrí ni mo wà, mò ń yan. Mo ní ọ̀ràn wọn ni. Ṣé èmi ni mo yan ìjọba fún wọn ni? Ṣùgbọ́n epo tí à ń pè ní ẹsáǹsì níbí, inú kẹ́ẹ̀gì lórí alùpùpù ló ti ń wá láti ọ̀dọ̀ wọn, bó sì ṣe rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, àwọn ìgò epo ti kúrò lórí tábìlì etí títì. Nígbà tí wọ́n padà, iye tí wọ́n pè é mú kí n béèrè lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé obìnrin tó ń tà á ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò ṣẹ̀fẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti gbéra. Ọlọ́kadà tó ń gbé wa lọ sí Ìgòlò fi kún owó rẹ̀. Tòmátì gbówó lórí nítorí ọkọ̀ tó gbé e wá. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gé irun fún àwọn ọkùnrin fi kún tirẹ̀, ni àwọn kan bá ń dá irun sí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà ọjà pàápàá fi kún omi. Mo bi í pé ṣé ẹsáǹsì ni omi ń mu ni, ó ní fíríìjì rẹ̀ ń mu ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ká sọ òtítọ́, inú wa kọ́kọ́ dùn. Fáráńkì díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, o ti di ọlọ́lá ní Ìdí-Ìrókò. A ra ọṣẹ, a ra bàtà, a ra ike. Èmi fúnra mi ra abọ́ onídẹ̀rí ńlá kan tí mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe títí di òní. Mo sì ń ta gààrí mi lọ ní Ìgòlò. Àwọn oníbàárà ń san iye tí wọ́n máa ń san tẹ́lẹ̀, náírà tí kò dín kan. Mo rí àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ń kùn, mo ní nínú ara mi pé wọn ò mọ ọjà tà ni. Mo ṣe fáàrí gan-an lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó máa ń bá mi ṣẹ́ owó lábẹ́ agboòrùn ní Ìgòlò ni fáàrí náà parí sí. Mo kó náírà fún un, ó kó fáráńkì lé mi lọ́wọ́, mo sì wo ọwọ́ mi. Mo ní kó kó ìyókù. Ó ní kò sí ìyókù. Mo pariwo lé e lórí, mo pè é lórúkọ tí mi ò ní tún pè níbí, mo gba náírà mi padà, mo sì lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lójú títì. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti tọrọ àforíjì, ó ní kí n má ṣèyọnu, pé láti àárọ̀ ni àwọn obìnrin Ìfọ̀nyìn àti Daagbé ti ń bú òun, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí kò padà wá bẹ̀bẹ̀. Gbogbo wa ni a di iye tí à ń pè mú ní náírà bí ẹni pé náírà kò kúrò níbi tó wà. Àwọn ìyá wa ò kọ́ wa pé owó lè máa rìn báyìí.

Èyí tó wá ká mi mọ́lé jù ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà, ẹsáǹsì ló ń mu. Tẹ́lẹ̀, kò sí ìgbà tí obìnrin kan gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dé tí n kì í tan án fún un, ìbáà jẹ́ abọ́ kékeré kan. Ariwo rẹ̀ kì í tán lọ́sàn-án. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ti bá ariwo yẹn jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí epo gbówó lórí, mo fi kún owó ìrin. Mo tún sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò san owó títan ẹ̀rọ, nítorí títan yẹn ló ń fa epo jù.

Òfin yẹn ló bà mí jẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ dé? Obìnrin kan á jókòó sílé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tó ti bẹ, á máa retí kí ẹnìkejì lọ ṣáájú. Ẹnìkejì náà jókòó sí tirẹ̀, ó ń retí. Wọ́n á gba iwájú ilé mi kọjá láìgbé nǹkan kan lórí, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè ara àwọn ọmọ mi, ojú wọn á sì ti yọ́ wọ ẹ̀yìn ilé láti wò ó bóyá ẹnìkan ti dé. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Ko-Koumolou kò wá mọ́ rárá. Ẹ̀gẹ́ dúdú sínú agbọ̀n káàkiri àdúgbò, ẹ̀rọ mi sì jókòó láìfọhùn. Ìyá ọkọ mi ní òun ti ń rí oorun ọ̀sán sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan dé láti Àjàṣẹ́. Ó ń ra ẹ̀rọ àlòkù kiri, ẹnìkan ló júwe mi fún un. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó fọwọ́ lu ìdí rẹ̀, ó ní wọ́n tọ́jú rẹ̀. Iye tó fẹ́ san kò burú, mo sì ti sọ̀rètí nù. Mo gbà fún un. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjà. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Mo ní èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì, àwọn tó mọ̀ mí sì mọ̀ pé n kì í sọ ọ́.

Bó ṣe lọ, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo wé gèlè, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́. Ilé tí mo bá ti dé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbọ́ o, pé ẹ̀rọ ń lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ rin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé e ru, kó máa lọ sí Àjàṣẹ́. Obìnrin kan fún mi ní omi, mo mu ún, mo sì tún bú u sí i. Mo padà délé, mo sọkún díẹ̀ nínú yàrá, nítorí pé ẹ̀rọ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ra láyé mi tí kì í ṣe pé ẹnìkan fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin náà ń bọ̀, ohùn àwọn obìnrin ló jí mi. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mi ò rí ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló wà láti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, nínú agbọ̀n, nínú àpò, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin tí mo bú ti jókòó sórí àpótí, gbogbo wọn, ọ̀bẹ ní ọwọ́ wọn. Àwọn ará Ko-Koumolou wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló jókòó sáàárín wọn, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí àpá kún, torí pé kí ẹ̀rọ tó dé, orí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ rin ín.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ní kí epo tó di olówó pọ́ọ́kú tí oníkálùkù fi ń ṣe tirẹ̀ lákòókò tó wù ú, àáró ni àwọn máa ń ṣe: gbogbo àwọn á kóra jọ ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan lónìí, wọ́n á ṣe ti ẹlòmíràn nígbà mìíràn, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún ẹnìkejì. Ó ní bí gbogbo ẹ̀gẹ́ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó tan ẹ̀rọ, gbogbo ènìyàn ni yóò sì jọ san owó títan rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti jọ sọ ọ́ lẹ́yìn tí mo bú wọn tán. Ó nawọ́ ọ̀bẹ kan sí mi.

Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo ni ẹ̀rọ."

Ó ní, "A mọ̀. Jókòó. Ẹni tí kò bá bẹ ẹ̀gẹ́ kò sí nínú àáró yìí."

Mo jókòó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti kúrò lórí àpótí ìbẹ̀gẹ́, mo rò pé mo ti ga ju ìyẹn lọ. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ ṣe gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àwọn obìnrin sì rí i, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo gbà á. Nígbà tí èyí tí a bẹ ti tó, mo dìde, mo da ẹsáǹsì sí ẹ̀rọ, mo fa okùn rẹ̀, ó sì dún. Inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin Àjàṣẹ́ ti wọlé kí n tó rí i. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó wo ẹ̀gẹ́, ó wo àwọn obìnrin, ó wò mí. Mo pa ẹ̀rọ. Mo rìn lọ bá a, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Mo ní mo ti fún un ní ọ̀rọ̀ mi, mi ò sì ní yí i padà. Bó bá ní kí n mú un ṣẹ, kó tú ẹ̀rọ náà, èmi fúnra mi ni màá di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú fún un. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé lónìí yìí mi ò fẹ́ tà á mọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, síbẹ̀ mo sọ ọ́ tán.

Ìyá ọkọ mi ló yíjú sí.

Ó ní, "Mais, Màmá, tí mo bá tú ẹ̀rọ yìí báyìí, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n dé ojú títì?"

Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ ó dé ọ̀hún, ọmọ mi. A kì í ṣe jàǹdùkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò tíì parí iṣẹ́ òní. Ẹ jókòó dè é."

Ó jókòó, àpótí kan ni a fún un. Mi ò mọ ẹni tó na ọ̀bẹ sí i. Ó ṣẹ́ apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gẹ́ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa. Mo tan ẹ̀rọ padà. Títí tí oòrùn fi dé àtàrí, mo ń rin, wọ́n ń bẹ, àwọn kan ń di èyí tí a ti rin sínú àpò, wọ́n ń gbé òkúta lé e. Nígbà tí abọ́ ìkẹyìn kọjá, mo ṣí ojú táǹkì ẹ̀rọ láti wo epo. Ó ṣì kù. Epo tí a ń jó nídìí abọ́ mélòó kan tẹ́lẹ̀, tí à ń pa á tí à ń tún un tàn, ni ẹ̀rọ fi rin ẹ̀gẹ́ gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ yẹn. Mo pe ìyá ọkọ mi kó wá wò ó. Ó ní òun ò ń wo inú ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ nìkan ti tó òun.

A jẹun. Gààrí tí mo ti yan sílẹ̀ fún Ìgòlò tí ẹnikẹ́ni ò rà ni mo bù sínú omi tútù, pẹ̀lú ẹ̀pà. Ọkùnrin náà mu ún, ó sì ní ó kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kan, gààrí Ìfọ̀nyìn ni. Ó tún bu òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ló nu ẹnu, ó gbé sípánà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì fi í sápò.

Ó ní, "C'est bon, ó ti tó. Ẹ mú ẹ̀rọ yín. Èló ni àpò gààrí yìí?"

Náírà ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo gbé e mì. Mo ronú sí iye tí mo ra ẹsáǹsì, iye tí mo san fún ọlọ́kadà, igi tí mo fi yan án, ọwọ́ tí mo fi yan án. Mo pe iye rẹ̀ fún un ní fáráńkì, ó sì dún létí mi bí ohùn ẹlòmíràn. Ó ní kí n dín in kù, nítorí iṣẹ́ tí òun ti bá wa ṣe. Gbogbo ọgbà ń wò mí. Mo ní mi ò dín in. Mo ní mo ti dín in kù fún Nàìjíríà láìmọ̀ títí mo fi rẹ́ ara mi jẹ, mi ò tún ní mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù fún Àjàṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì san án, ó gbé àpò gààrí sẹ́yìn ọkọ̀ tó gbé wá fún ẹ̀rọ. Orí mi wú. Mi ò lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mo ti ta gààrí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdébìnrin, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ iye tí ó tó.

Kò sí ohun kan tó dẹ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. Epo ṣì gbówó lórí, náírà ò tíì dìde, omi tútù ẹnu ọ̀nà ọjà kò padà sí iye rẹ̀. Àwọn oníbàárà wa láti Ìdí-Ìrókò ń wá díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ráhùn, mo sì ń bá wọn káàánú, nítorí tiwọn le ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tó ń ṣáájú ọjà, ẹ̀gẹ́ máa ń kún ọgbà wa dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń yọjú wò ó bóyá ẹlòmíràn ti dé.

Bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá ọkọ mi nahùn pè é. Ó ní ó ti bá wa bẹ ẹ̀gẹ́, nítorí náà a jẹ ẹ́ ní gbèsè àáró kan, kó wá gbà á nígbà tó bá wù ú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni, òun náà rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjà tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan náà lójú ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ oko ìyàwó rẹ̀ ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wọlé, ó kí àwọn àgbà, ó wá àpótí kan, ó sì jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Kò mú sípánà dání. Ọ̀bẹ tirẹ̀ ló mú wá.